Ọ̀nà Tí Ó Yẹ Kí A Gbà Tẹ Orúkọ Sára Aṣọ Ẹgbẹ́ àti Ẹ̀bùn Ìrántí

Bí ọdún bá ń lọ sí òpin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, iṣẹ́ kan wà tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá máa ń gbé lé ara wọn lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ìwé kíkà. Wọn á dá owó jọ, wọn á yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn á ní kí wọ́n lọ ṣe ṣẹ́ẹ̀tì tí gbogbo kíláàsì yóò wọ̀ ní ọjọ́ ìdágbére. Bóyá ìwọ tí o ń ka ìwé yìí wà lára àwọn tí wọ́n yàn. Bí o kò bá sí lára wọn lónìí, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹgbẹ́ kan tàbí àwọn ẹbí rẹ yóò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán ọ: fìlà fún ìpàdé, aṣọ ìnura fún ìgbéyàwó, ife fún ọjọ́ ìbí, abọ́ ike fún ìsìnkú arúgbó. Orúkọ ni a fẹ́ kọ sára gbogbo wọn. Ọ̀nà wo ni kí a gbà kọ ọ́?

Èrò tèmi ni pé aṣọ tàbí ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Irú aṣọ wo ni? Báwo ni wọn yóò ṣe máa fọ̀ ọ́? Mélòó ni a fẹ́? Lẹ́yìn èyí ni kí a tó wá béèrè iye owó. Òdìkejì èyí ni mo máa ń rí. Ẹni tí a rán níṣẹ́ á dé ọjà, á béèrè pé, "Èló ni?", á wo èyí tí ó ń dán jù, á sanwó, á sì padà sílé tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí yóò fi tó oṣù kan, orúkọ ti ń ṣí kúrò lára aṣọ bí èèpo igi.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni. Mo rí abọ́ ike kan ní ilé ìbátan mi kan lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wọn. Wọ́n tẹ àwòrán ìyá náà sórí bébà alẹ̀mọ́, wọ́n sì lẹ bébà náà mọ́ ara abọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń fi kànrìnkàn fọ abọ́ tí apá ọ̀tún ojú ìyá fi bó lọ. Imú àti ojú kan ni ó kù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kó gbogbo èyí tí ó ṣẹ́kù nílé, ó gbé wọn sókè àjà, nítorí pé kò lè máa wò wọ́n, kò sì lè kó wọn dànù. Ẹni tí ó bá wọn ṣe é kò purọ́ fún wọn. Wọ́n bi í ní iye owó, ó sọ ọ́ fún wọn; ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá yóò gba omi.

Àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n ń ṣe àdìrẹ mọ ohun tí mo ń wí yìí. Aṣọ funfun láti òkè òkun, tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, ni wọ́n ń lò fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí pé ẹ̀kọ kì í jókòó dáadáa sára kíjìpá tí ojú rẹ̀ kò tẹ́jú. Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ náà, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin sì fi ń ya ọnà. Aró ẹ̀lú tí wọ́n ń rì í sí gbọ́dọ̀ tutù, nítorí bí omi bá gbóná, ẹ̀kọ á yọ́, gbogbo ọnà á sì bàjẹ́. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé ọnà sára páànù, wọn á gbé páànù náà lé aṣọ, wọn á fi ẹ̀kọ pa á. Ní ọdún 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, wọ́n ṣe àdìrẹ kan tí àwòrán ọba àti olorì wà lára rẹ̀. Ọlọ́ba ni wọ́n ń pè é. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó lára. Ẹ̀bùn ìrántí kọ́ ha ni ìyẹn náà bí? Aláró tí ó ṣe é mọ aṣọ, ó mọ aró, ó sì mọ bí ọ̀kan ṣe ń bá èkejì lò, kí ó tó ti ọwọ́ bọ ìkòkò.

Ọ̀nà tí ó sún mọ́ páànù gígé yẹn jù lọ lónìí ni títẹ̀ pẹ̀lú sìkíríìnì. Bí o bá dé Ṣómólú ní ìlú Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí eéṣú, o ó rí bí wọ́n ti ń ṣe é. Férémù ni, tí wọ́n na aṣọ kan tí ó rí bí àwọ̀n mọ́, tí ó le gan-an. Wọn á dí gbogbo ojú àwọ̀n náà pa, àfi ibi tí lẹ́tà tàbí àwòrán wà. Wọn á gbé e lé ṣẹ́ẹ̀tì, wọn á da tàdáwà sí i, wọn á sì fi rọ́bà pẹlẹbẹ fà á kọjá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó bá gba ojú àwọ̀n kọjá ni ó di orúkọ lára aṣọ. Bí àwọ̀ bá jẹ́ méjì, sìkíríìnì méjì ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́rin ni.

Ibí yìí ni ìṣirò ti wọ̀ ọ́. Ká sọ pé atẹ̀wé gba ₦6,000 láti ṣètò sìkíríìnì kan. Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 10, ₦600 ni yóò bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó aṣọ àti ti tàdáwà. Bí ó bá jẹ́ 100, ₦60 péré ni. Bí ẹ bá wá ní dandan ni kí àwọ̀ jẹ́ mẹ́ta, ìṣètò ti di ₦18,000. Fún ẹni mẹ́wàá, ₦1,800 ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ₦180 ni. Nítorí náà, kíláàsì tí ó ní ọmọ 80, tí gbogbo wọn fẹ́ orúkọ kan náà ní àwọ̀ kan lára aṣọ òwú, sìkíríìnì ni tiwọn. N kò tíì rí èyí tí ó dára jù ú lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná ni àṣírí rẹ̀. Tàdáwà tí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ń lò ní ike nínú. Kì í gbẹ nínú afẹ́fẹ́, oòrùn lásán kò sì tó o. Ó ní láti gba ooru tí ó tó nǹkan bí 160 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ooru náà sì wọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kí ó tó dì mọ́ aṣọ. Atẹ̀wé tí iná mànàmáná kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ń dùn, lè sáré gbé ayọ́ọ̀nù lé e, kí ó fi ìka kàn án, kí ó rí i pé kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí ó sì ká a fún ọ. Ojú rẹ̀ ti gbẹ, inú rẹ̀ kò jinná. Ó dà bí àkàrà tí epo rẹ̀ gbóná jù: òde pọ́n, inú sì tutù. Bí o ó ṣe mọ̀ nìyí: fi ọwọ́ méjèèjì fa ibi tí wọ́n tẹ̀ náà díẹ̀. Bí ó bá sán bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, kò jinná. Dá a padà kí o tó sanwó tán.

Fífi ẹ̀rọ kó òwú sára aṣọ, èyí tí àwọn aránṣọ ń pè ní mónógíráàmù, ni ó níyì jù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn kò sì jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá mọ iyì iṣẹ́ ọnà tí ó wà lọ́rùn agbádá kò ní bá wọn jiyàn. Kì í ṣí, kì í sán. Aṣọ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbó. Fìlà, aṣọ ìnura tí ó nípọn, kóòtù ilé-ìwé àti báàjì orí àpò, òwú ni ó tọ́ sí wọn. Síbẹ̀, a kì í torí pé agbádá dára kí á gbé e wọ ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n bá kó òwú púpọ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, aṣọ á hunjọ yí orúkọ náà ká, kò sì sí ayọ́ọ̀nù tí yóò nà án mọ́. Bí wọ́n bá kó o sára agbòjò, abẹ́rẹ́ á ti lu ú, òjò á sì gba ojú ihò wọlé. Lẹ́tà tí kò ga tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà kò dára fún un, nítorí òwú á dì pọ̀, kò sì ní ṣeé kà. Ní ti owó, iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ gún aṣọ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye àwọ̀. Orúkọ kékeré lápá òsì àyà kò ní wọ́n púpọ̀. Àwòrán ńlá tí ó bo gbogbo ẹ̀yìn ni yóò sọ àpò yín dòfo.

Èyí tí ó gbòde ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni èyí tí wọ́n ń pè ní DTF. Ẹ̀rọ ni ó ń tẹ àwòrán sórí láílọ́ọ̀nù kan. Wọn á da ìyẹ̀fun gọ́ọ̀mù lé e, wọn á fi ooru yọ́ ọ, wọn á wá fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, wọn á sì ṣí láílọ́ọ̀nù náà kúrò. Kò sí àwọ̀ tí kò lè gbé. Ó ń mú aṣọ dúdú àti funfun, ó ń mú òwú àti pólíẹ́sítà. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni márùn-ún péré, tàbí bí orúkọ olúkúlùkù bá yàtọ̀, tàbí bí ẹ bá fẹ́ fọ́tò, kò sí èyí tí ó yá jù ú lọ. N kò ní ẹ̀tanú sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó dà bí awọ tí a fi bo aṣọ lójú. Bí àwòrán náà bá gba gbogbo àyà, atẹ́gùn kò ní kọjá níbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ nínú oòrùn oṣù kẹta ní Ìbàdàn á sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ ìfọṣọ tún wà níbẹ̀. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ wọ̀nyí yóò sọ fún ọ pé kí a fi omi tútù fọ aṣọ náà jẹ́jẹ́, kí a yí inú rẹ̀ síta, kí a má sì lọ ojú rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ń fọṣọ bẹ́ẹ̀ nílé yín? Nílé tiwa, ọṣẹ líle ni a fi ń pa á, àárín ọwọ́ méjì ni a ti ń bó o, a ó fún un títí omi yóò fi tán lára rẹ̀, a ó sá a sórí okùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ayọ́ọ̀nù tí ó gbóná janjan ni yóò sì kọjá lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ kò ní ka ìwé kí ó tó fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ. Ọ̀nà tí kò bá lè gba ìyà báyìí, má ṣe yàn án fún aṣọ tí wọn yóò máa wọ̀ lójoojúmọ́.

Ti sublimation yàtọ̀ pátápátá. Aró gidi ni èyí, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rí i bí ó ti jọ iṣẹ́ aláró. Wọn á tẹ àwòrán sórí bébà, wọn á dà á bo aṣọ, wọn á fi ooru tí ó tó 180 sí 200 tẹ̀ ẹ́. Aró náà kò ní yọ́ di omi. Á di afẹ́fẹ́, á sì wọnú fọ́nrán pólíẹ́sítà lọ. Bí o bá fi ìka pa ojú rẹ̀, o kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò ṣí kúrò, nítorí wọn kò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Fún ẹ̀wù eré ìdárayá láàárín àwọn ilé ní ilé-ìwé, òun ni ọ̀gá. Àmọ́ bí o bá gbé aṣọ òwú fún un, ìfọ̀ díẹ̀ ni yóò gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Bí o bá gbé aṣọ dúdú fún un, kò ní hàn rárá, nítorí kò sí funfun nínú aró náà. Ife tí a ó lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ohun tí ó ń gba aró kùn láti ilé-iṣẹ́ wá. Ife lásán tí o rà lọ́jà kò lè gbà á.

Ti bírò, irin àti ike kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Irin ni kí wọ́n fín, bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń fín igbá. Ohun tí a bá fín kì í bó. Ike ni kí wọ́n fi tàdáwà tí a ṣe fún ike tẹ̀. Kí bébà alẹ̀mọ́ dúró sára ohun tí omi kò ní kàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn á ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí, kí ni a wá ń da ara wa láàmú sí? Wọn á ní owó kò sí. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣófo pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ wọ́de lọ́jọ́ kan láti polongo ìmọ́tótó, ẹ lo èyí tí ó pọ́ọ́kú, kò sí ẹni tí yóò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ṣé lóòótọ́ ni pé ọjọ́ kan ni? Ṣẹ́ẹ̀tì ìdágbére ẹ̀gbọ́n ni àbúrò fi ń sùn, òun ni wọ́n ń wọ̀ pọn omi, òun ni baba yóò wọ̀ lọ sí oko ní ọdún kẹta. Owó tí ìyá kan rí lórí ẹ̀kọ tí ó ń tà ni wọ́n fi dá tirẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ dín àwọ̀ kù, kí ẹ sọ mẹ́ta di ọ̀kan. Ẹ mú àwòrán ẹ̀yìn kúrò, kí ẹ fi ti àyà sílẹ̀. Aṣọ tí ó dára, tí wọ́n tẹ orúkọ kan ṣoṣo sí lára, tí iná rẹ̀ jinná, ó sàn ju ẹ̀yẹ ọjọ́ kan lọ.

Ohun kan kù tí n kò lè ṣàìsọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Àmì abẹ́ lẹ́tà ni. Bí ẹ bá kọ "Ẹgbẹ́" tí atẹ̀wé yọ gbogbo àmì rẹ̀ kúrò, ohun tí ó kù sára aṣọ ni "Egbe", ẹni tí ó bá sì mọ èdè lè kà á sí "ègbé". Ẹ dá owó jọ, ẹ ra aṣọ, ẹ wá fi ègbé sí àyà rìn kiri ìlú! Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀ṣẹ̀ yìí jẹ́ ti àìmọ̀kan. Nígbà mìíràn, lẹ́tà tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà atẹ̀wé kò ní àmì, ó sì rò pé ẹ kò ní bìkítà. Nígbà mìíràn, ọ̀nà tí ẹ yàn ni ó pa àmì náà. Bí ojú àwọ̀n sìkíríìnì kò bá kúnná, àmì kékeré á dí, kò sì ní jáde. Bí ó bá jẹ́ òwú, àmì tí ó sún mọ́ lẹ́tà jù á lẹ̀ mọ́ ọn, "ẹ" á sì dà bí lẹ́tà tí ó ní ìrù. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà tí wọ́n gé tí wọ́n sì fi ooru lẹ̀ mọ́ aṣọ, àmì abẹ́ ni ó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni ó ń kọ́kọ́ ṣí. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, kí ara rẹ̀ nípọn, kí àyè sì wà láàárín ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ kí àmì lè rí ibi jókòó sí. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà kí o tó fún atẹ̀wé, kí o sì wo tirẹ̀ mọ́ tìrẹ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó fi àmì sílẹ̀ nínú ìdánwò, máàkì ni yóò pàdánù. Ti ara ṣẹ́ẹ̀tì 80 kò ní àtúnṣe.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ìdágbére kí ẹ tó lọ bá atẹ̀wé, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ ní kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan. Ẹ ó san owó ìṣètò sìkíríìnì lọ́nàkọnà, nítorí náà ẹyọ kan yìí kò ní ná yín ní ohun púpọ̀. Ẹ mú un lọ sílé, ẹ fi ọṣẹ tí ẹ ń lò fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ lọ̀ ọ́. Bí ó bá yè é, ẹ san ìdajì owó, kí ẹ sì kọ irú aṣọ, àwọ̀ tàdáwà àti iye ṣẹ́ẹ̀tì sórí ìwé tí ẹ̀yin àti atẹ̀wé yóò jọ fi ọwọ́ sí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù, ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀, kí ẹ mú mẹ́wàá láti inú rẹ̀, ní òkè, ní àárín àti ní ìsàlẹ̀, kí ẹ fa ojú wọn wò kí ẹ tó san ìyókù.